Ẹ Má Fi Owó Alààyè Ra Òkú

Tòmátì tí àrùn rírọ bá ti mú kì í jí mọ́. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù, torí òun gan-an ni àwọn tó ń ta oògùn kiri kì í fẹ́ kí àgbẹ̀ gbọ́. Ike kan ni wọn yóò gbé síwájú yín, tòmátì tó pupa fòò wà lára rẹ̀, wọn á ní bakitéríà inú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pé kò sí kẹ́míkà níbẹ̀ rárá, pé kí ẹ ṣáà dà á sí ìdí igi tó ń rọ, yóò gbérí kó tó di ọjọ́ kẹta. Kò ní gbérí. Ohun tó máa kù lọ́jọ́ kẹta ni oko tó ti kú àti owó tó ti lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ilémọ̀nà ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin ará Ìjàgbó, Èrìn-Ilé, Òjòkú àti Ọ̀fà pẹ̀lú. Ànàmọ́ àti àgbàdo ni wọ́n mọ agbègbè wa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ata àti tòmátì ló ń tètè mú owó wọlé fún ẹni tó bá ní àkùrọ̀ tó dára. Ohun tó bá sì ń tètè mú owó wọlé ni oníjìbìtì máa ń yí ká. Àkókò yìí tún wá dùn mọ́ wọn: àjọ NAFDAC ti fòfin de oògùn koríko paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó fòfin de atrazine, tí òun náà jẹ́ oògùn koríko, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù kò sì gba ẹ̀wà gbígbẹ wa wọlé mọ́ láti 2015 nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Àgbẹ̀ ń wá ohun mìíràn tí yóò lò. Ẹni tó bá sọ pé òun ní ohun tí kò ní kẹ́míkà, tí kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bakitéríà tó ń bá àrùn irúgbìn jà wà lóòótọ́. Erùpẹ̀ oko tó lọ́ràá, ìwọ̀n tí a lè fi ìka méjì bù, bakitéríà inú rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ ewé àti gbòǹgbò tó ti kú, díẹ̀ ń ṣe irúgbìn ní jàǹbá, àwọn kan sì fi ara gbòǹgbò ṣe ilé. Omi aládùn tí gbòǹgbò máa ń sun jáde ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sì í gbà kí àjèjì bá wọn débi oúnjẹ. Bacillus àti Pseudomonas ni orúkọ tí ẹ máa rí jù lára ike nínú irú àwọn wọ̀nyí. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ojú gbòǹgbò kan kí àrùn tó dé. Wọ́n á sun oró tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, wọ́n á kó ìwọ̀nba èròjà irin tó wà nítòsí mọ́ra kí ọ̀tá má rí nǹkan kan lò, irúgbìn fúnra rẹ̀ á sì jí sí ìjà. Agbára oró wọn kì í ṣe kékeré. Lára Streptomyces, tí òun náà jẹ́ bakitéríà ilẹ̀, ni wọ́n ti rí streptomycin ní yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà ní 1943, òun sì ni oògùn tó kọ́kọ́ ran ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ẹ wá wo bí àwọn tó lò ó tó sì ṣiṣẹ́ fún wọn ṣe lò ó. Ní Australia, àrùn kan wà tó máa ń mú kí ìdí igi eléso wú ní kókó ńláńlá. Ọ̀gbẹ́ni Allen Kerr àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Adelaide rí bakitéríà ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní K84, tí kì í jẹ́ kí àrùn náà wọlé, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n á ri gbòǹgbò ọ̀gbìn bọ inú omi tí bakitéríà náà wà kí wọ́n tó gbìn ín. Kí wọ́n tó gbìn ín ni mo wí. Igi tó bá ti yọ kókó, K84 kò lè ṣe nǹkan kan fún un, àwọn tó ṣe é kò sì fìgbà kan sọ pé ó lè ṣe é.

Bákan náà ló rí nílé. Aflasafe tí ilé ìwádìí IITA ṣe ní Ìbàdàn fún àgbàdo àti ẹ̀pà, tí NAFDAC fún ní ìwé àṣẹ ní 2014, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bakitéríà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Irú Aspergillus tí kì í sun oró ni wọ́n kó mọ́ ara ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́, kí ó lè gba ààyè mọ́ èyí tó ń sun oró aflatoxin lọ́wọ́. Kílò mẹ́wàá ni wọ́n ń fọ́n sórí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹni tó bá dúró títí àgbàdo fi wọ àká kó tó dà á sí i, ó kàn fi owó ṣòfò ni. Ohun alààyè tí a fẹ́ kó gba ààyè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi dá oníṣòwò olóòótọ́ mọ̀: yóò bi yín pé ìgbà wo lẹ fẹ́ gbìn. Òpùrọ́ yóò bi yín pé igi mélòó ló ti rọ.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń pa oko yín, torí àrùn tó ń mú kí tòmátì rọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ fa igi kan tó ń rọ tu, ẹ wo ewé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Ralstonia, tí òun náà jẹ́ bakitéríà inú ilẹ̀, ewé máa ń rọ nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Lọ́sàn-án á sorí kodò, bí ilẹ̀ bá ń ṣú á dà bíi pé ó ti sàn, títí di ọjọ́ tí kò ní gbérí mọ́. Bí ó bá jẹ́ Fusarium, tó jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ewé ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pọ́n, nígbà mìíràn ní apá kan igi nìkan. Ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú gé igi náà nítòsí ilẹ̀, kí ègé rẹ̀ gùn tó ìka. Ẹ bu omi tó mọ́ gaara sínú ife dígí, kí ẹ fi ọwọ́ di ègé náà mú kí ojú ibi tí ẹ gé wọ inú omi díẹ̀. Ẹ má mì í, ẹ má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ omi náà. Bí Ralstonia bá wà níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ẹ máa rí nǹkan funfun tó rí bí fọ́nrán òwú, tó ń ti ojú ibi tí ẹ gé ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ife. Bakitéríà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti kún iṣan tí igi fi ń gbé omi lọ sókè, wọ́n sì ti dí i pa. Ohun tí ẹ bá dà sí ìdí igi kò lè wọ inú iṣan yẹn lọ kó wọn jáde. Bí nǹkan kan kò bá ṣàn, tí inú igi sì ti pọ́n bí omi tíì, ẹ fura sí Fusarium.

Ẹ wo gbòǹgbò náà kí ẹ tó jù ú nù. Bí ó bá ní kókó wẹẹrẹ káàkiri, aràn ilẹ̀ tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló wà nídìí rẹ̀. Aràn yẹn nìkan tó láti sọ irúgbìn di aláìlera, ojú ọgbẹ́ tó bá dá sí gbòǹgbò ni Ralstonia sì máa ń gbà wọlé.

Igi tó bá ti rọ, ẹ fà á tu, ẹ jó o. Ẹ má jù ú sí odò, torí Ralstonia ń bá omi lọ, oko ẹlòmíràn ló sì ń lọ. Ẹ fọ ọkọ́ àti bàtà kí ẹ tó wọ apá oko tó ṣì dára. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, torí ẹbí kan náà ni wọ́n, àrùn kan náà ló ń jẹ wọ́n; àgbàdo ni kẹ́ ẹ gbìn síbẹ̀, ó kéré tán fún ọdún méjì. Mo mọ̀ pé ẹni tí àkùrọ̀ rẹ̀ kò ju ebè díẹ̀ lọ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n Ralstonia lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí tòmátì jẹ.

Ó kan rírà. Ní 2009, àwọn ilé ìwádìí kan, tí IITA wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní COMPRO, tí wọ́n fi yẹ irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ wò ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Etiópíà: ajílẹ̀ ẹlẹ́mìí, bakitéríà fún sóyà, àti àwọn tí wọ́n ní ó ń lé àrùn. Ọ̀pọ̀ ni kò ní ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, bakitéríà tí wọ́n dárúkọ ti kú. Nínú àwọn kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè ló kún ibẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni oníjìbìtì ṣe o. Ọjà tó dára ní ilé iṣẹ́ lè kú sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ibi tí ẹni tó ń tà á gbé e sí. Ike tó wà ní iwájú ìsọ̀ lábẹ́ páànù, tí oòrùn oṣù kejì ń ràn sí láti àárọ̀ títí dalẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Pseudomonas kì í pẹ́ kú sínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Bacillus lè sápamọ́ sínú èèpo líle kan tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ kó tún jí, ìdí tí àwọn oníṣòwò fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Òun náà kò sì fẹ́ oòrùn. Ẹ wá ka ara ike. Orúkọ bakitéríà náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, kì í ṣe "bakitéríà rere" lásán. Iye tó wà láàyè nínú gíráàmù kan tàbí mìlílítà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. CFU ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nọ́ńbà NAFDAC àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé ó ń pa gbogbo àrùn, ó ń lé gbogbo kòkòrò, ó sì ń sọ èso di ńlá, ẹ dá a padà kí ẹ tó kà á tán. Bakitéríà kan kì í ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí wọ́n ṣe ní Zaria, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2019, jíìnì láti ara Bacillus thuringiensis ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń borí ìdin tó ń jẹ òdòdó àti èèpo ẹ̀wà lóko. Kò dí kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò lọ́wọ́.

Bí ó bá tilẹ̀ dára, ẹ má kọ́kọ́ rà á fún gbogbo oko. Ẹ ra díẹ̀, ẹ lò ó fún ebè méjì, ẹ fi ebè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílẹ̀ láìlò ó, kí irúgbìn, omi àti ajílẹ̀ wọn dọ́gba. Ìkórè yóò sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá ń bínú sí àbá yìí, tó ní àǹfààní ọjọ́ kan ni òun fún yín, ẹ mọ ohun tó ń tà.

Lílò rẹ̀ kò le, àìbìkítà ló ń bà á jẹ́. Nọ́sìrì ni ibi tó ti dára jù láti bẹ̀rẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí ọ̀gbìn lọ sóko, kí ẹ ri gbòǹgbò rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lò ó, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá pò ó pọ̀ mọ́ omi, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà. Omi ẹ̀rọ tó ní òórùn kóloríìnì, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú báàfù tí a kò bò kí ẹ tó lò ó. Pọ́ǹpù tí ẹ fi fọ́n oògùn koríko lánàá, ẹ má kàn fi omi ṣan ẹnu rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, tàbí kí ẹ wá òmíràn. Oògùn tí kọ́pà wà nínú rẹ̀ sì wà, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí tòmátì nígbà òjò: bakitéríà ni ó ń pa, kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Bacillus subtilis, tí wọ́n ń dì sínú ike ní òkè òkun tí wọ́n sì ń tà ní owó gọbọi, òun ló ń ṣe iṣẹ́ jù nínú irú wa. Àwọn ìyá wa ń se hóró irúgbá títí yóò fi rọ̀, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, láìra bakitéríà kankan sí i. Èèpo líle tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ló jẹ́ kó yè bọ́ nínú omi tó ń hó. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tìtorí èyí sọ pé kí ẹ máa da omi irú sí ìdí tòmátì, ẹ má gbà. Orúkọ kan náà ni Bacillus inú irú àti ti inú ike ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ń dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó lè ja Fusarium. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iyọ̀ máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú. Iyọ̀ yóò ṣe tòmátì ní ohun tí àrùn kò tíì ráyè ṣe.

Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá ni ti àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ pé kí wọ́n bu erùpẹ̀ igbó sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n da ṣúgà sí i, kí wọ́n dé e pa fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì máa fọ́n omi rẹ̀ sórí irúgbìn. Wọ́n ní bakitéríà rere yóò pọ̀ sí i. Ohun tó bá fẹ́ràn ṣúgà ni yóò pọ̀ sí i, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n. Inú ilẹ̀ kan náà ni Ralstonia wà. Inú ilẹ̀ ni bakitéríà tó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì wà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi Burkholderia cepacia ṣe oògùn irúgbìn rí, ó sì ń lé àrùn gbòǹgbò dáadáa, títí wọ́n fi rí i pé irú rẹ̀ ń pa àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan ń bá jà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ilé iṣẹ́ sì kó o kúrò lọ́jà. Àwọn tó ní yàrá àyẹ̀wò àti dókítà rẹpẹtẹ ló ṣe àṣìṣe yẹn. Ẹ má fọ́n omi kẹ́ẹ̀gì sórí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí ọmọ yín fẹ́ jẹ. Èyí tó sì bá ní nọ́ńbà NAFDAC pàápàá, ẹ fi aṣọ bo imú kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn bakitéríà tó ti wà nínú ilẹ̀ yín tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Àwọn yẹn kò ní ike, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í polówó wọn. Ẹni tó ń jó koríko oko rẹ̀ lọ́dọọdún ń jó oúnjẹ wọn. Ẹni tó bá fi ewé àti pòròpórò àgbàdo sílẹ̀ kó jẹrà sínú ilẹ̀, tó ń lo ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, tí kì í gbin ohun kan náà sójú kan náà lọ́dọọdún, ó ti ń tọ́jú wọn láìmọ̀. Ilẹ̀ tí kò ní oúnjẹ fún bakitéríà, èyí tí ẹ rà wá pàápàá kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i, ẹ lè bi àwọn òṣìṣẹ́ ADP, tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, ní Ìlọrin léèrè. NIHORT, ilé ìwádìí ewébẹ̀ àti èso tó wà ní Ìdí-Ìṣin n'Íbàdàn láti 1975, wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá ti rẹ́ yín jẹ, ẹ má sọ ike náà nù, ẹ má sì fọ̀ ọ́ fi bu epo pupa. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ rà á, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ má ṣe pa rẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìlọrin. Bí wọn kò bá rí ike, wọn kò ní mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹni tó tà á fún yín á sì ti bá ọkọ̀ rẹ̀ dé ìlú mìíràn.